Àró, Lámbò àti Ìwádìí Tó Wọ Abúlé

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ní Abẹ́òkúta, bí ènìyàn bá ṣe ohun tí kò yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àró. Orúkọ ìletò kan ti di èébú lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀, ibi tí a fi ń bú ara wa yìí ni ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lọ lórí àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Áfíríkà ti wáyé. A mú ìtàn rẹ̀ wá síbí nítorí ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi àwa akẹ́kọ̀ọ́: àǹfààní wo ni ìwádìí yín ń ṣe fún ará ìlú?

Kí Àró tó di Àró

Ọ̀nà tí ìjọba amúnisìn gbà tọ́jú ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ kò le láti ṣàlàyé: wọ́n ń ti ènìyàn mọ́lé ni. Wọ́n ṣí ilé ìtìmọ́lé fún àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Calabar ní 1904, wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907. Òfin 1916 fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Nígbà tí ó di 1944, wọ́n ṣí ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lántòrò kí ó tó di ibi ìtọ́jú, èyí nìkan sì tó láti fi hàn wá irú ojú tí wọ́n fi ń wo aláìsàn. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ ń bẹ nílé oníṣègùn ìbílẹ̀. Níbẹ̀, ó lè rí ewé àti ètùtù, ó sì lè rí ààbà lẹ́sẹ̀.

Ìmọ̀ wo ni wọ́n gbé irú ìlànà yìí lé? Ẹ wo Carothers, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kenya. Nínú àwọn ìwé tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní ìbànújẹ́ ọkàn tó ń di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló tẹ ìwé rẹ̀ ti 1953 jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ni ó kà. Ta ni wọ́n sì máa ń gbé wá? Ẹni tó ń pariwo, tó ń lu ènìyàn, tó ń rìn kiri ìhòòhò. Ìyá tó jókòó sínú yàrá tí kò jẹun, tí kò sùn, kò sí ẹni tó kà á. Bí ìjọba bá sì gbà pé àìsàn kan kò sí, kò ní ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ibi tí ìwádìí tí kò péye ti ń pa ará ìlú lára nìyí.

Ọmọ Abẹ́òkúta padà wálé

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lámbò ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní London. Ní 1954, ó gba iṣẹ́ ní Àró. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán nígbà yẹn.

Lámbò kò dúró de ilé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ètò yìí gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mójú tó o. Ní òwúrọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ní ìrọ̀lẹ́, á padà sí abúlé láàárín àwọn ènìyàn tí ń ṣe oko, tí ń jó, tí ń ṣe ìsìnkú. Àwọn onílé ń gba owó ilé, omi ẹ̀rọ sì dé abúlé. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n máa ràn án lọ́wọ́ láti mọ ìtàn àìsàn kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ti mọ asọ́fẹ́yẹjẹ tipẹ́tipẹ́, igi kan náà tí ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà fún àwọn òyìnbó ní oògùn reserpine ní 1952.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ètò àbúlé yìí dín owó kù. Ẹbí ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ìbá ṣe. Ó sì mú kó rọrùn fún aláìsàn láti padà sílé, nítorí kò kúrò láàárín ènìyàn rí.

Ìwádìí Cornell àti Àró

Ní 1961, Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó ikọ̀ wọn jọ. Wọ́n wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti àwọn àdúgbò kan nínú Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti agbègbè kan ní Nova Scotia ní Kánádà, níbi tí Leighton ti ṣe irú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Dípò kí wọ́n dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn, ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n lọ. Ìwé wọn jáde ní 1963.

Ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Èkíní, irú àìsàn tí wọ́n rí ní Kánádà náà ni wọ́n rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìbànújẹ́ ọkàn sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ Carothers wó lulẹ̀. Èkejì, àìsàn pọ̀ jù ní abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti tú ká. Èyí jẹ́ kó hàn pé ohun tó ń gbé abúlé ró, ojú ọ̀nà, ọjà, àjọṣe, kan ìlera ọpọlọ pẹ̀lú.

Níbo ni èdè wa ti wọlé?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ibí yìí kàn wá. Jane Murphy wà lára ikọ̀ náà, ó sì kọ̀wé ní 1976 lórí ọ̀rọ̀ wa kan ṣoṣo: wèrè. Ó bi àwọn ènìyàn ohun tí wọ́n fi ń mọ wèrè. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, ẹni tó ń ṣa igi àti ewé jọ láìní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Nípa ìbànújẹ́ àti ìpayà, kò rí orúkọ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ọ̀pọ̀ àpèjúwe, bí ọkàn tí kò balẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó kàn túmọ̀ ìbéèrè òyìnbó sí Yorùbá, á bi màmá àgbà kan bóyá ó ní àìsàn ọpọlọ. Màmá á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bi í nípa oorun rẹ̀ ni, ìdáhùn ìbá yàtọ̀.

Ìwádìí yára, òfin falẹ̀

Ìmọ̀ Àró rìn jìnnà. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Nílé ńkọ́? Òfin tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti 1916 ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Láti 1963 sí 2023, ọgọ́ta ọdún gééré ni.

Láàárín àkókò yẹn, ìwádìí kò dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gùrèjé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ èsì jáde ní 2006 pé nǹkan bíi ẹnì kan nínú mẹ́jọ ní Nàìjíríà ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti ṣe rí. Nínú àwọn tó ṣe láàárín ọdún kan sígbà yẹn, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún péré ló rí ìtọ́jú. Wọ́n tún bi ènìyàn 2,040 léèrè ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá, èyí tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti bá ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó gba aláìsàn sílé ní abúlé Àró lè wà lára wọn.

Ṣé ìwádìí wá já sí asán ni? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò gbé èsì láti orí pẹpẹ ìwé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti sí ẹnu ará ọjà. Abúlé Àró ṣe é ṣe nítorí pé Lámbò ṣe ìwádìí, ó sì tún bá baálé jókòó. Òfin tuntun wà báyìí, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí ààbà wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára wa wà. Ẹ lọ sí Ìtòkú, Lafẹ́nwá àti Ìjẹ̀mọ̀. Ẹ gba àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ nípa ọkàn tó wúwo sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní ìbùdó ìlera nílò rẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Kí a sì dẹ́kun fífi Àró bú ara wa.