Èéfín Lọ́ńdọ̀nù, Ọdún 1952

Wọ́n máa ń ní atẹ́gùn kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ẹ jẹ́ ká dé Lọ́ńdọ̀nù ná, oṣù Kejìlá ọdún 1952.

Òtútù mú gan-an, atẹ́gùn ò sì fẹ́ rárá. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9, èéfín èédú inú ilẹ̀ pò mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú. Ọ̀sán dòru. Èèyàn ní láti máa rìn níwájú bọ́ọ̀sì kí dẹ́rẹ́bà tó lè rí ọ̀nà.

Irú èédú wo ni wọ́n ń dá? Gbèsè ogun wà lọ́rùn ìjọba, ojúlówó èédú ni wọ́n ń kó lọ tà sókè òkun. Èyí tí aráàlú lè rà láìsí òdiwọ̀n ni nutty slack: èédú wẹ́wẹ́ tó pò mọ́ eruku, kò wọ́n, àmọ́ èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí ni kí tálákà ṣe? Kó jẹ́ kí òtútù pa ọmọ òun ni?

Nǹkan bí 4,000 èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó kú. Ìṣirò àwọn onímọ̀ lẹ́yìn náà gbé e dé 12,000. Nígbà tí ikú ò dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953, ìjọba ní àìsàn fúlúù ni. Fúlúù kẹ̀!

Ọdún 1956 ni wọ́n tó ṣòfin. Ní àdúgbò tí wọ́n bá ti fòfin de èéfín, ìjọba ìbílẹ̀ yóò dá ìdá méje nínú mẹ́wàá owó tí èèyàn bá fi pààrọ̀ ààrò ilé rẹ̀ padà fún un. Ìyẹn gan-an ló wù mí jù nínú òfin náà.