Àwọn Obìnrin Ọsibítù Charleston

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọsibítù, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ọkàn wa sáàbà máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ti aláìsàn rí mọ̀ pé àwọn mìíràn wà níbẹ̀: ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ẹni tó ń da ìgbẹ́ àti ìtọ̀ nù, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ìtàn irú àwọn wọ̀nyí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wọn, nítorí ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ yín nílé ìwé kì í sáàbà dárúkọ wọn.

Ní ọdún 1947, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Taft-Hartley. Òfin yìí yọ àwọn ọsibítù tí kì í wá èrè kúrò lára àwọn ibi iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò wá ní ibi tí wọn yóò fẹjọ́ sùn. Ní New York, owó tí àwọn kan ń gbà kò tó 40 dọ́là lọ́sẹ̀, débi pé ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ àwọn aláìní kún un fún wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìní!

Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Local 1199 ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Leon Davis ló ṣáájú àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1932 fún àwọn apoògùn àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Ní òpin ọdún 1958, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù Montefiore dìbò lórí bóyá kí àwọn wọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni 628 fọwọ́ sí i, 31 péré ni kò fẹ́. Ní 1959, nǹkan bí 3,500 òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì ní ọsibítù méje fún ọjọ́ 46. Owó wọn gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kò gbà láti ka ẹgbẹ́ náà sí. Wọ́n tún yanṣẹ́ lódì ní 1962. Ọdún náà ni wọ́n ju Davis sẹ́wọ̀n, òun náà sì ni Malcolm X wá bá àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ ní àpéjọ wọn.

Ṣùgbọ́n ní Charleston ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ìlú èbúté ni, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí wọ́n ti já ọ̀kẹ́ àìmọye ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọsibítù kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí ìpínlẹ̀ náà ní, aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe àwọn iṣẹ́ tí a kà sókè yẹn, obìnrin sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Dọ́là kan àti ọgbọ̀n sẹ́ǹtì ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan. Owó nìkan kọ́ o. Mary Moultrie ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York. Nígbà tó padà sílé, ọsibítù náà kò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí, iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fún un. Ìgbà kan sì wà tí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ funfun kan kọ̀ láti sọ ohun tó ń ṣe àwọn aláìsàn fún àwọn dúdú tí yóò tọ́jú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn bínú fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lé wọn. Ariwo ló mú kí wọ́n gbà wọ́n padà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: báwo ni ènìyàn yóò ṣe wẹ aláìsàn, tí yóò bọ́ ọ, láìmọ àìsàn tó ń bá a jà? Lójú tiwa, ẹ̀dùn yìí ju ti owó lọ, nítorí aláìsàn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n fi Moultrie ṣe aṣáájú, wọ́n sì ránṣẹ́ sí 1199. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Dókítà William McCord, lé méjìlá nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ti Charleston County Hospital dara pọ̀, wọ́n lé ní 400. McCord ní òun kò ní fa ọsibítù 25 mílíọ̀nù dọ́là lé àwọn tí kò ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kò kúkú sọ pé kí ó fà á lé àwọn lọ́wọ́. Pé kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu àwọn ni wọ́n ní.

Gómìnà Robert McNair ní ìpínlẹ̀ kò lè bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàá-dúrà. Ó kó sójà wọ ìlú, ó fi kónílé-ó-gbélé lé e, ọlọ́pàá sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Martin Luther King ti kú ní ọdún tó ṣáájú ní Memphis, níbi tó lọ ran àwọn akólẹ̀kódọ̀tí tó yanṣẹ́ lódì lọ́wọ́. Opó rẹ̀, Coretta Scott King, wá bá àwọn obìnrin Charleston wọ́de. Ralph Abernathy tó rọ́pò King lọ sẹ́wọ̀n níbẹ̀.

A kò rò pé ìwọ́de nìkan ló yí ìjọba lọ́kàn padà. Ìjọba àpapọ̀ ti ń halẹ̀ láti dá mílíọ̀nù méjìlá dọ́là dúró nítorí ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ ní ọsibítù náà, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté sì ní àwọn yóò ti èbúté pa. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba àwọn méjìlá náà padà, owó tó kéré jù di dọ́là kan àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì ní wákàtí, wọ́n sì là ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lè gbà fẹjọ́ sùn. Ti County Hospital parí ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Wọn kò gba ẹgbẹ́ náà wọlé o. Kò pẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ ní Charleston fi tú ká, nítorí náà àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣẹ́gun pátápátá ń sọ àsọdùn. Ní 1974, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà dá àwọn ọsibítù tí kì í wá èrè padà sábẹ́ òfin òṣìṣẹ́, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ẹgbẹ́ fún wọn ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó yanṣẹ́ lódì, kí wọ́n lè ráàyè ṣètò fún àwọn aláìsàn. Àdéhùn yẹn dára lójú wa. Òfin náà kò kan ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, South Carolina kò sì tíì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Mary Moultrie kú ní 2015.