Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Iná Ìjọrà

Kí n tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, màá fi òrí pa orúnkún ọ̀tún, màá fi báńdéèjì wé e lẹ́ẹ̀mẹta, màá sì dìde wò bóyá ó gbà. Ẹni ọdún 68 ni mí. Ìyàwó mi a ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ní fi bọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ ni?"

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Iléeṣẹ́ iná Ìjọrà, tí wọ́n ṣí ní 1923, ló ti ṣiṣẹ́. Èédú ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń jẹ láyé ọjọ́un. Enugu ni wọ́n ti ń wà á; ọkọ̀ ojú irin a gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi a gbé e wá sí Ìjọrà. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó o sẹ́nu iná. Bó bá wọlé, ẹyinjú àti eyín nìkan ló ń funfun lára rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti wẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù ló kàn.

ECN, àjọ iná mànàmáná ìjọba, ló ni iléeṣẹ́ náà nígbà náà, kí wọ́n tó sọ àjọ ọ̀hún di NEPA ní 1972. Ẹ má fojú kéré ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn o! Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1960, wọ́n gbà á ní 1965, wọ́n tún gbà á ní 1970. Bàbá mi kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí èédú ló ń bá gbá tirẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́njú, wíńgì ló ń gbá. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, ó ti fà sẹ́yìn. Nígbà tó fi di ẹni 60, ẹnu gólì ló dúró sí, tó ń pariwo pé, "Ẹ padà! Ẹ mú un!"

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi pa bọ́ọ̀lù tì lọ́jọ́ tí ọmọdé kọ́kọ́ sáré kọjá wọn. Lójú tèmi, wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bọ́ọ̀lù kò lé wọn. Àwọn ni wọn ò gbà láti pààrọ̀ ipò.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì kan wà láàárín àwa tó ṣì ń gbá a ní Sátidé, òun ló ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, ìworan ni tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí bàtà yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e jáde. Aago méje la ń bẹ̀rẹ̀, àyè sì wà lẹ́yìn.