Hẹ́dífóònù Ẹlẹ́yìn Ṣíṣí àti Ẹlẹ́yìn Pípadé fún Gbígbọ́ Orin Nílé

Hẹ́dífóònù tí à ń dé sórí láti fi gbọ́ orin pín sí ọ̀nà méjì gbòógì, bí a bá wo ẹ̀yìn ago tó ń bo etí. Èyí tí wọ́n fi ike, igi tàbí irin pa ẹ̀yìn ago rẹ̀ dé pátápátá ni ẹlẹ́yìn pípadé. Èyí tí ẹ̀yìn ago rẹ̀ jẹ́ kìkì ihò tàbí asẹ́ onírin, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tó sì ń jáde níbẹ̀ fàlàlà, ni ẹlẹ́yìn ṣíṣí. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bí béèsì yóò ṣe dún, bí ariwo ìta yóò ṣe wọlé tó, bóyá orin yóò jò sétí ẹlòmíràn, àti bóyá etí yóò làágùn. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan hẹ́dífóònù. Ilé tí wọn yóò ti máa lò ó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ago kọ̀ọ̀kan ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wáyà wíwé lẹ̀ mọ́, òòfà sì wà nítòsí rẹ̀. Bí iná orin bá ń gba inú wáyà náà kọjá, òòfà á máa tì í, á sì máa fà á, awọ á máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ni etí wa ń gbọ́ bí orin. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé awọ tó ń gbọ̀n kì í ti afẹ́fẹ́ sí apá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ojú kejì gángan nígbà tí onílù ń lu ojú kìíní mọ̀ pé ojú kejì náà kì í sinmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ inú hẹ́dífóònù ṣe ń rán ìró sí etí, tó sì ń rán ìró mìíràn tó lágbára bákan náà sí ẹ̀yìn. Ìró ẹ̀yìn yìí gbọ́dọ̀ ríbi lọ, ibi tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà bá sì darí rẹ̀ sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Nínú ẹlẹ́yìn pípadé, kò síbi tí yóò gbà. Ó ń lu ògiri ago, ó ń ta padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba inú awọ wá sétí lẹ́yìn tí ìró àkọ́kọ́ ti dé. Afẹ́fẹ́ tó há sẹ́yìn awọ tún ń tì í padà nígbàkígbà tó bá fẹ́ rìn jìnnà. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi òwú tàbí fóòmù sínú ago kí ó lè gbé ìró náà mì, wọ́n a sì máa da ògiri ago sí oríṣiríṣi ọ̀nà kí ìró má baà ta lójú kan. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa nínú wọn dùn gan-an. Àmọ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá kótópó, pàápàá ní ibi ohùn akọrin.

Nínú ẹlẹ́yìn ṣíṣí, ìró ẹ̀yìn ń jáde lọ sínú yàrá, kò sì padà mọ́. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi máa ń mọ́, tí gìtá àti ohùn ènìyàn fi máa ń dún bí ẹni pé wọ́n ní àyè láàárín ara wọn. Béèsì ni iye tí a ń san fún èyí. Ìró ìsàlẹ̀ ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín awọ àti etí há dáadáa, kí ó má baà rọ́nà sá. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí onítìmùtìmù fẹ́lẹ́ kì í lè há a tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà béèsì rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní nǹkan bí 100 hertz sísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé

Kì í ṣe fún orin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe hẹ́dífóònù. Ní ọdún 1910, Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, fi èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì rà á fún iṣẹ́ rédíò. Ní 1937, ilé iṣẹ́ Eugen Beyer ní Berlin gbé DT 48 jáde, èyí tó fi wáyà wíwé àti òòfà ṣiṣẹ́ bí ti òde òní. Ní 1958 ni John Koss, akọrin jáàsì ní ìlú Milwaukee, mú SP/3 wá sójútáyé, hẹ́dífóònù sítẹ́ríò tó sọ gbígbọ́ orin nínú etí di ohun tí ènìyàn ń ṣe nílé fún ìgbádùn. Ago tó padé tó sì wúwo ni gbogbo wọn.

1968 ni àyípadà dé. Ilé iṣẹ́ Sennheiser, tí Fritz Sennheiser dá sílẹ̀ ní 1945 ní abúlé Wennebostel nítòsí Hannover ní Jámánì, gbé HD 414 jáde, hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn ṣíṣí àkọ́kọ́. Ó fúyẹ́, fóòmù aláwọ̀ ìyeyè ló fi ń kan etí, kò sì dí etí rárá. Ó tà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Mo gbà pé ìfúyẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fa àwọn oníbàárà mọ́ra kí wọ́n tó mọ̀ pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjèèjì ti ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ AKG ní Vienna tiẹ̀ sọ ago nù pátápátá: K1000 tí wọ́n gbé jáde ní 1989 ń fi àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀bá etí láìkàn án. Ní apá kejì, MDR-7506 tí Sony gbé jáde ní 1991, ẹlẹ́yìn pípadé tó ṣeé ká, di ohun tí a ń bá nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ káàkiri. HD 600 ti Sennheiser, láti 1997, ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin ṣì ń fi wọn ẹlẹ́yìn ṣíṣí yòókù wò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ náà láìsí pé irú ilé iṣẹ́ dà á rú, kí ó wá ẹ̀yà mẹ́ta ti beyerdynamic, ilé iṣẹ́ Eugen Beyer yẹn, rí: DT 770 padé, DT 990 ṣí, DT 880 sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, ẹ̀yìn wọn ló yàtọ̀.

Ariwo ilé

Ẹlẹ́yìn ṣíṣí kì í dí ariwo kankan. Fáànù, tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀, ìwàásù láti ẹ̀rọ gbohùngbohùn òdìkejì títì, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan létí. Nínú yàrá tó dákẹ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó tilẹ̀ wúlò fún òbí tó fẹ́ máa gbọ́ bí ọmọ bá sunkún, tàbí ẹni tó gbé oúnjẹ kaná. Ṣùgbọ́n ní Èkó tàbí Ìbàdàn, nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́ta bá ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, owó tí a kó lé ẹlẹ́yìn ṣíṣí ti ṣòfò fún alẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn tó wá sá lọ ra ẹlẹ́yìn pípadé nítorí jẹnẹrétọ̀ náà sábà máa ń rí ìjákulẹ̀. Ago tó padé máa ń dí ìró òkè dáadáa: ọ̀rọ̀ ènìyàn, ìró abọ́ ní kíṣíìnì, fèrè ọkọ̀. Ìró ìsàlẹ̀ ni kò lè dí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń lò nílé sábà máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ó lè fún wa ní iná 50 hertz, ìkùn rẹ̀ tó wúwo jù sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ike fẹ́lẹ́ àti tìmùtìmù kò lè dá irú ìró bẹ́ẹ̀ dúró.

Ohun tó lè bá a jà ni ẹ̀rọ apariwo. Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1978 nígbà tó ń ti Zurich bọ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé QuietComfort jáde fún àwọn arìnrìn-àjò ní 2000. Máíkì kékeré inú rẹ̀ ń gbọ́ ariwo, ẹ̀rọ á sì ṣe ìró tó lòdì sí i gẹ́lẹ́, kí méjèèjì lè pa ara wọn. Ìró ìsàlẹ̀ tó ń lọ láìdábọ̀ ló mọ̀ ọ́n pa jù. Fún ilé tí jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi, ẹlẹ́yìn pípadé tó ní ẹ̀rọ apariwo ni mo fọwọ́ sí. Ohùn rẹ̀ lè má mọ́ tó ti HD 600, ṣùgbọ́n orin tí a gbọ́ yé ju orin tí ariwo bò mọ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi ẹlẹ́yìn ṣíṣí bá ariwo díje yóò máa gbé ohùn sókè ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé má sì kọjá 75 fún iye wákàtí kan náà. Bí ohùn bá fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 ròkè, àkókò náà dín sí ìdajì: ní 83 ó ku wákàtí 20, ní 86 ó ku 10.

Àwọn tí à ń bá gbé, àti orí tí yóò dé e

Ohun tó ń jáde lẹ́yìn ẹlẹ́yìn ṣíṣí ń jáde sétí ẹni tó wà nítòsí. Tọkọtaya tó ń sun yàrá kan náà, tàbí àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin nínú yàrá kan, kò ní lè fara da á lóru. Ẹni tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé náà kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí máíkì yóò gbé orin inú etí rẹ̀ mọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹlẹ́yìn pípadé ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí tìmùtìmù lẹ̀ mọ́ orí yíká etí. Apá awò ojú tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí irun dídì tó nípọn ní ẹ̀bá etí, á ṣí àlàfo sílẹ̀, béèsì á sì fẹsẹ̀ fẹ. Irun ṣùkú tó ga ní àárín orí tún máa ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ náà sókè tí ago kò fi ní jókòó síbi tó yẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á dé e wò pẹ̀lú awò àti irun tó ń gbé kiri lójoojúmọ́. Ooru náà kò ṣeé gbójú fò: awọ àtọwọ́dá tó bo etí fún wákàtí méjì ní oṣù Ẹrẹ́nà, láìsí fáànù, ń mú kí etí làágùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹlẹ́yìn ṣíṣí kọjá.

Orin tí a fẹ́ràn

Àwo orin Juju Music ti King Sunny Adé, tí Island Records gbé jáde ní 1982, dára fún ìdánwò. Gìtá pọ̀ níbẹ̀, gìtá olókùn irin tí Demola Adepoju fi ń fa ohùn gígùn wà láàárín wọn, gángan sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Lórí ẹlẹ́yìn ṣíṣí tó dára, a lè tẹ̀ lé gìtá kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn gángan bó ti ń gòkè tó ń sọ̀ sì ṣe kedere tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ èdè ìlù lè mọ ohun tó ń sọ. Lórí ẹlẹ́yìn pípadé, ìlù ńlá àti béèsì gìtá ló máa ń bọ́ síwájú, ara á sì fẹ́ jó. Ẹni tó fẹ́ràn fújì tàbí orin ìgbàlódé tó kún fún béèsì lè fẹ́ èyí jù.

Kí a má sì ka iye ohm, ìyẹn bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dènà iná tó, mọ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣí àti pípadé. HD 600 jẹ́ 300 ohm, DT 770 PRO wà ní 32, 80 àti 250, MDR-7506 jẹ́ 63. Fóònù lásán lè má fún èyí tí ohm rẹ̀ ga ní ohùn tó tó, áńpù kékeré ni yóò gbà á, yálà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí tàbí ó padé.

Àwọn kan wà láàárín, bí K240 ti AKG, tí ẹ̀yìn wọn ṣí díẹ̀. Wọ́n ń jò, wọn kì í sì dí ariwo tó, nítorí náà nínú ilé aláriwo, ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni kí a kà wọ́n sí. Irú yòówù kí a rà, kí a béèrè bóyá a lè rí tìmùtìmù rẹ̀ rà lọ́tọ̀, nítorí òógùn àti ooru máa ń mú kí awọ àtọwọ́dá bó, tìmùtìmù tó bá sì ti tẹ́ ń sún etí mọ́ awọ inú, ó sì ń yí ohùn padà.