Ìyàn Kan, Ìwé Ìròhìn Mẹ́rin

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í yé bi àwa olùkọ́ wọn: nínú gbogbo ìwé ìròhìn ayé, èwo ni a lè gbà gbọ́? Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí a ka orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ, olóòótọ́ níwájú, òpùrọ́ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to orúkọ àwọn tí ó yege ìdánwò. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi èyí ṣe iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ad Fontes Media ní Amẹ́ríkà a máa ya àtẹ kan jáde: láti òsì sí ọ̀tún ni ó fi ń wọn ojúsàájú, láti ìsàlẹ̀ sí òkè ni ó fi ń wọn bí ìròhìn ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sí. A yìn wọ́n fún ohun kan, pé wọn kò da méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹni tí kò ṣe ojúsàájú ni yóò sọ òótọ́, àti pé ẹni tí ó bá ti fì sí apá kan, irọ́ ni yóò pa. Kí ẹ̀yin òǹkàwé lè rí i bí èrò yìí ti lè tan ènìyàn jẹ, a fẹ́ sọ ìtàn ìyàn tí ó mú ní ilẹ̀ Ukréìn ní ọdún 1932 sí 1933, àti bí àwọn ìwé ìròhìn ti ròhìn rẹ̀ fún ayé.

Ilẹ̀ Ukréìn jẹ́ ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, tí ó ti ń fi ọkà bọ́ ènìyàn láti ìgbà pípẹ́. Nígbà náà ó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́tì, tí Stalin jẹ́ olórí rẹ̀. Láti 1929 ni ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti dà á pọ̀ di oko àjùmọ̀ní. Wọ́n bu iye ọkà tí abúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san, wọ́n sì ń ta nínú ọkà náà sí òkèèrè láti fi ra ẹ̀rọ. Níbi tí ọkà kò bá ti pé, àwọn tí ìjọba rán a wọ ilé, wọn a sì kó ohun tí ó kù nínú àká. Ní oṣù August 1932 a ṣe òfin pé ẹni tí ó bá jí ohun ìní oko àjùmọ̀ní, ìbáà ṣe ọkà díẹ̀ tí ó pèéṣẹ́, yóò kú tàbí kí ó fi ọdún mẹ́wàá ṣẹ̀wọ̀n. Ní January 1933 a tún pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ Ukréìn má ṣe jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn láti wá oúnjẹ lọ. Àwọn òpìtàn fi ojú bù ú pé àwọn tí ó kú ní Ukréìn nìkan tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ọ̀kẹ́ àìmọye sì kú ní Kazakhstan àti ní àwọn ẹkùn mìíràn.

Báyìí ni ọ̀ràn náà rí. Kí ni àwọn ìwé ìròhìn sọ?

Ti Pravda kò gba àkókò. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà ni Òtítọ́, ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì ni ó sì ni ín. Ìròhìn ẹ̀rọ tuntun àti ti ìlọsíwájú oko ni ó kún inú rẹ̀, àwọn tí ebi ń pa kú ni kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, lójú tiwa, kì í ṣe Pravda ni ó léwu jù, nítorí gbogbo ayé ni ó mọ ẹni tí ó ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

The New York Times ni ó yẹ kí a dúró tì. Ìwé ìròhìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn aláṣẹ ń kà ni, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní ti Kọ́múnísìtì. Akọ̀ròhìn rẹ̀ ní Mọ́sìkò láti 1922 ni Walter Duranty, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Liverpool. Ní 1932 ni ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn tí àwọn akọ̀ròhìn Amẹ́ríkà kà sí jù lọ, nítorí ohun tí ó kọ ní 1931 nípa ìjọba Stalin. Ní 31 March 1933, nígbà tí ariwo ìyàn náà ti ń ta jáde, Duranty kọ̀wé láti fi dá àwọn ènìyàn lójú pé ebi ń pa àwọn ará Rọ́ṣíà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ti ikú. Ó ní kò sí ikú ebi ní tààrà, pé àìsàn tí àìrí-oúnjẹ-tó-jẹ ń fà ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ẹni tí kò jẹun títí ara rẹ̀ fi wú, tí ibà wá kọ lù ú tí kò sì lágbára láti bá a jà, kí ni ó pa á? Bí a bá pe Duranty lẹ́jọ́, ó lè gbèjà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á ní New York lórí oúnjẹ òwúrọ̀ yóò pa ìwé rẹ̀ dé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ìyàn. Irú irọ́ yìí ni ó ṣòro jù láti mú, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí a lè na ìka sí. Ní September ọdún náà gan-an ni Duranty lọ sí ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Mọ́sìkò, tí ó sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí àìsí oúnjẹ pa, ní tààrà tàbí lọ́nà mìíràn, tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Iye yìí ju èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà lónìí. Ohun tí ó mọ̀ nínú ilé yàtọ̀ sí ohun tí ó kọ síta.

Kí ni ó dè é lẹ́nu? Ní Mọ́sìkò, akọ̀ròhìn kò lè tẹ wáyà ránṣẹ́ sílé láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kà á kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá bí wọn nínú, wọ́n lè lé e kúrò ní ìlú, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́. Àwọn àgbà wa ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Eugene Lyons, tí ó wà ní Mọ́sìkò nígbà náà fún United Press, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1937 pé àwọn akọ̀ròhìn fi ohùn ṣọ̀kan láti sọ ẹni tí ó tú àṣírí ìyàn náà di òpùrọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí ìjọba dí wọn lọ́nà níbi ẹjọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ ròhìn rẹ̀.

Ẹni tí ó tú àṣírí náà ni Gareth Jones, ọmọ ilẹ̀ Wales, ẹni ọdún 27, tí ó ti bá Lloyd George ṣiṣẹ́ rí. Ó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dáadáa. Ní March 1933 ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́sìkò bí ẹni tí ń lọ sí Kharkiv, ó gbé àpò oúnjẹ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì bọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi la àwọn abúlé kọjá, ó sun ilé àwọn àgbẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì ń kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé kékeré. Ìdáhùn kan náà ni ní gbogbo ibi: búrẹ́dì tán. Ó ròhìn pé nínú ọkọ̀ ojú irin, bí ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì kan ti ń jiyàn pé kò sí ìyàn, òun ju èérún búrẹ́dì sínú agolo ìtutọ́sí. Àgbẹ̀ kan nawọ́ mú un jáde, ó sì jẹ ẹ́. Ó ju èèpo ọsàn sí i, ọkùnrin náà tún mú un jẹ. Ẹni tí ń jiyàn náà pa ẹnu mọ́. Ní 29 March, nígbà tí ó dé Berlin níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn oníwèé ìròhìn. Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ohun tí Duranty kọ ní ọjọ́ kejì sí i.

The Manchester Guardian sì ti ṣáájú Jones. Ìwé ìròhìn yìí fì sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fẹ́ àtúnṣe fún òṣìṣẹ́ àti tálákà, ọ̀pọ̀ nínú òǹkàwé rẹ̀ ni ó sì ń retí ohun rere láti Rọ́ṣíà. Malcolm Muggeridge tí ó kọ̀wé fún un pàápàá, pẹ̀lú ìfẹ́ sí ètò náà ni ó fi lọ. Ṣùgbọ́n ó lọ sí Ukréìn àti Kọ́kásù Àríwá, ó rí i, ó sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sínú àpò aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò gbọdọ̀ tú lójú ọ̀nà. A tẹ̀ ẹ́ ní 25, 27 àti 28 March 1933 láìsí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ìwé ìròhìn náà fún apá kan kò sọ òtítọ́ di irọ́ níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba láàrin òun àti olóòtú rẹ̀. Ìròhìn kò tó àfojúbà.

Ó ku ti Hearst, olówó Amẹ́ríkà tí ìwé ìròhìn rẹ̀ pọ̀, tí ó sì kórìíra ètò Kọ́múnísìtì. Ní February 1935 àwọn ìwé ìròhìn rẹ̀ tẹ àwòrán àti ìròhìn ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Thomas Walker, pé ó ti rin Ukréìn já ní 1934. Louis Fischer yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú The Nation, ó sì rí i pé ọkùnrin náà kò pẹ́ ní Rọ́ṣíà tó láti ṣe ìrìn àjò tí ó wí. Àwọn kan nínú àwòrán náà jẹ́ ti ìyàn àtijọ́, ti 1921 sí 1922. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá kúrò ní túbú Colorado ni Walker. Ẹ wo àdánù tí ó wà nínú èyí! Òótọ́ ni pé ìyàn mú, Hearst sì wà ní apá òtítọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ pé àwọn mílíọ̀nù wọ̀nyí kò kú, àwòrán Walker ni ó máa ń nà síta. Fischer tí ó mú òpùrọ́ náà, òun pẹ̀lú ti sẹ́ ìyàn náà rí.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé bá mú ìwé ìròhìn kan wá, kí ó tó bèèrè apá tí ó fì sí, àwa a máa ní kí ó kọ́kọ́ wá a wò bóyá ẹni tí ó kọ ọ́ dé ibẹ̀, ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà jáde, àti ta ni ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá tí ó fì sí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni.

Ní November 1933 Amẹ́ríkà gbà láti bá ìjọba Sófíẹ́tì dọ́rẹ̀ẹ́, Duranty sì bá mínísítà wọn, Litvinov, rin ìrìn àjò náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2003 a bẹ àwọn ìgbìmọ̀ Pulitzer pé kí wọ́n gba ẹ̀bùn 1932 náà padà. Òpìtàn tí The New York Times fúnra rẹ̀ pè láti yẹ iṣẹ́ Duranty wò, Mark von Hagen, wí pé kí a gbà á. Àwọn ìgbìmọ̀ náà kò gbà á.

Ìjọba Sófíẹ́tì kò jẹ́ kí Gareth Jones padà wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ó gba Ìlà-Oòrùn lọ, àwọn ọlọ́ṣà sì pa á ní 12 August 1935, nígbà tí ó ku ọ̀la kí ó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ìwé kékeré tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ sí wà ní ilé ìkàwé àgbà ti ilẹ̀ Wales, ní Aberystwyth.