Gírámà àti Àkàyé Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì Ilẹ̀ Ṣáínà: Ìtàn Ìpínyà àti Ìdàpọ̀ láti Ọdún 1862

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní ilẹ̀ Ṣáínà, kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ariwo ìwé kíkà ti máa ń gba inú kíláàsì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣí ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yóò máa ka àyọkà sókè, kò sì ní dúró de ẹnì kejì. Zaodu ni wọ́n ń pe àṣà yìí, èyí tí ó túmọ̀ sí 'ìwé kíkà òwúrọ̀'. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò jókòó ti ìwé ìbéèrè gírámà, yóò máa dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣì, yóò dà á kọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní cuotiben, 'ìwé àṣìṣe', kí ó lè máa padà sí i títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ó rọrùn láti rò pé iṣẹ́ kan náà ni ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ yìí, àti pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí tọpa bí ìdánrawò àkàyé àti ìdánrawò gírámà ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Ṣáínà láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìdánwò ìjọba ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọdún 1977, àti bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ padà. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ó rọrùn fún ìdánwò láti ya gírámà kúrò lára àkàyé ju kí ó dà wọ́n pọ̀ lọ. Èjìká olùkọ́ ni iṣẹ́ ìdàpọ̀ já lé.

Orísun Méjì

Kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ìwé Confucius àti ti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ní Ṣáínà ń kọ́. Ọmọ yóò ka ìwé náà sókè léraléra títí yóò fi há a sórí. Àlàyé ìtumọ̀ a sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ìdánwò tí ìjọba ọba fi ń yan òṣìṣẹ́ ni ó gbé àṣà yìí ró fún ohun tí ó lé ní ọdún 1,200, títí tí wọ́n fi fòpin sí i ní ọdún 1905. Kò sí ìwé gírámà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọdún 1898 ni ìwé Mashi Wentong tí Ma Jianzhong kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òun ni a kà sí ìwé gírámà èdè Ṣáínà àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ, gírámà èdè Látìn ni ó sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Gírámà bá èdè àjèjì wọlé ni. Ní ọdún 1858, nígbà tí Ogun Opium kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ìdílé Qing fọwọ́ sí Àdéhùn Tianjin pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín 50 nínú àdéhùn náà sọ pé ìwé tí a bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni yóò lékè bí ìyàtọ̀ bá wà láàrin rẹ̀ àti ti èdè Ṣáínà. Ìjọba tí kò ní ọmọ bíbí ilẹ̀ rẹ̀ tí ó lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Èyí ni ó fà á tí wọ́n fi dá Tongwen Guan sílẹ̀ ní Beijing ní ọdún 1862, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá. Míṣọ́nárì kan, John Burdon, ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́. Ìwé kíkà àti ìtumọ̀ ṣíṣe ni ó jẹ ìjọba lógún, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ojoojúmọ́.

Ìdí pàtàkì kan wà tí gírámà fi di iṣẹ́ tí ó ń gba àkókò púpọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ṣáínà kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò tàbí nítorí ẹni tí ó ṣe nǹkan. Èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ 'the' gan-an, kì í sì í ṣe dandan kí ọ̀rọ̀-orúkọ fi hàn pé ó jẹ́ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún olùkọ́ èdè Yorùbá láti mọ̀. 'Lọ' kò yí padà nínú 'Ó lọ lánàá', 'Ó ń lọ' àti 'Ó ti lọ'. Wúnrẹ̀n mìíràn ni ó ń fi ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ hàn. Báyìí náà ni èdè Ṣáínà ṣe ń lo wúnrẹ̀n le lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú èdè báyìí jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ yóò ka 'go', 'went' àti 'gone' bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ó tó wá mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ìdánrawò kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Láti Ọdún 1904 sí 1949

Ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba Qing gbé kalẹ̀ ní ọdún 1904 fi èdè àjèjì sí ara iṣẹ́ tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì gbọ́dọ̀ kọ́. Ètò ti ọdún 1922 sì pín ẹ̀kọ́ sí ọdún mẹ́fà, mẹ́ta àti mẹ́ta, ìlànà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà wá lò ní ìparí ọ̀rúndún ogún. Ní àkókò yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì, bí St John's ní Shanghai, fi ń kọ́ àwọn iṣẹ́ mìíràn. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, iṣẹ́ kan láàrin ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni.

Lin Yutang, ẹni tí ó jáde ní St John's, kọ ìwé kíkà èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Kaiming ní ọdún 1928. Ayàwòrán Feng Zikai ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ìtàn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ìwé náà fi ṣe òpó, ó sì tàn káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, inú àyọkà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá gírámà pàdé. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀nà ìdàpọ̀ kò ṣàjèjì sí Ṣáínà rárá.

Ìdíwọ́ Láàrin Ọdún 1949 àti 1976

Lẹ́yìn tí ìjọba Kọ́múníìsì gba àkóso ní ọdún 1949, èdè Rọ́ṣíà ni ó gba ipò iwájú. Ní ọdún 1954, ìjọba dá ẹ̀kọ́ èdè àjèjì dúró ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ọgbọ́n ìkọ́ni kan tún fìdí múlẹ̀ ní àkókò yìí, èyí tí ipa àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Soviet hàn lára rẹ̀: jingdu, 'ìwé kíkà àkàfínnífínní'. Olùkọ́ yóò mú àyọkà kúkurú kan, yóò tú u wò ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ àti ní gbólóhùn sí gbólóhùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ gbogbo àlàyé rẹ̀ sílẹ̀. Àyọkà kan lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àjọṣe Ṣáínà àti Soviet dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, èdè Gẹ̀ẹ́sì padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n jingdu kò lọ.

Ìyípadà Àṣà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1966 ba iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ìgbà kan, wọ́n fòpin sí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, wọ́n sì fìyà jẹ ọ̀pọ̀ olùkọ́. Ìwé tí wọ́n padà fi ń kọ́ni kún fún ọ̀rọ̀ ìyìn fún Mao Zedong tí a túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gírámà wà nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àyọkà tí ènìyàn lè kà láti mọ ohun tuntun.

Ìdánwò àti Ìpínyà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní gaokao, padà bọ̀ sípò. Nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 5.7 ni ó jókòó fún un. Nǹkan bí 270,000 ni ó rí ààyè wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń ka máàkì èdè àjèjì mọ́ àròpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1983, wọ́n ti ń ka gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di ilẹ̀kùn tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gbà kọjá bákan náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò tilẹ̀ rí bákan náà.

Ní ọdún 1985, Gui Shichun, Li Xiaoju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Guangzhou gbé ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tuntun kalẹ̀ fún ìgbéléwọ̀n ní agbègbè Guangdong. Ìbéèrè ọ́bjẹ́ẹ̀tíìfù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mú ìdáhùn kan láàrin àwọn tí a tò sílẹ̀. Èrò àwọn tí ó ṣe é dára. Wọ́n fẹ́ kí ìdánwò náà ti ilé-ẹ̀kọ́ láti inú ìmọ̀ nípa èdè bọ́ sí lílo èdè. Kò pẹ́ tí ó fi di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Bí onílù bá ṣe lù ú ni oníjó ń jó o. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, máàkì 150 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye kan náà pẹ̀lú èdè Ṣáínà àti ìṣirò. Àkàyé gba 40 nínú rẹ̀. Ìbéèrè ẹlẹ́yọ gbólóhùn lórí gírámà àti àká-ọ̀rọ̀ gba 15. Irú ìbéèrè ẹlẹ́yọ yìí lè mú gbólóhùn bí 'Yesterday Li Ming ... to the market' wá, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan 'go', 'goes', 'went' tàbí 'gone'. Ẹni tí ó bá ti rí 'yesterday' kò nílò láti mọ ẹni tí Li Ming í ṣe tàbí ohun tí ó lọ rà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ láìka ìtàn kan parí. Nítorí pé ó rọrùn láti kọ́, láti tẹ̀ àti láti máàkì, òun ni ó kún inú ìwé ìdánrawò.

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn mìíràn ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1982, tẹlifíṣọ̀n ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò Follow Me ti BBC jáde. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ People's Education Press àti Longman jọ ṣe, tí ó dé kíláàsì ní àwọn ọdún 1990, fi ìtàn Li Lei àti Han Meimei kọ́ni, àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà kò sì tíì gbàgbé àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, 'yaba Yingyu', 'Gẹ̀ẹ́sì odi', ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà sọ ìmọ̀ tí ó mọ òfin ṣùgbọ́n tí kò lè fọhùn. Ìwádìí tí Luxia Qi tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé ìdánwò náà kò mú ìyípadà tí àwọn tí ó ṣe é ń retí wá. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá máàkì. Bí wọn yóò ṣe fi èdè náà bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbìyànjú Ìdàpọ̀

Ní ọdún 2001, ọdún tí Ṣáínà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìjọba gbé ìlànà ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tuntun jáde, ó sì pàṣẹ pé kí kíkọ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹta ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà tí ó kan gírámà gan-an dé ní ọdún 2014. Nínú ìwé ìdánwò ti orílẹ̀-èdè, wọ́n yọ ìbéèrè ẹlẹ́yọ gbólóhùn kúrò, wọ́n sì fi àyọkà alálàfo mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ka àyọkà náà yé kí ó tó mọ àsìkò, ọ̀rọ̀-atọ́kùn tàbí ọ̀rọ̀-asopọ̀ tí ó yẹ àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2016, agbègbè Zhejiang fi irú àròkọ mìíràn kún un: akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìtàn kan tí a kò parí, yóò sì kọ ìparí rẹ̀. Ẹni tí kò lóye ìtàn kò ní lè parí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ gírámà kò ní lè kọ ọ́.

Ariwo kò tíì tán nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2013, àwọn aláṣẹ Beijing dábàá pé kí wọ́n dín máàkì èdè Gẹ̀ẹ́sì kù sí 100, àmọ́ ìyẹn kò wá sí ìmúṣẹ. Ní ọdún 2021, ìjọba ka ẹ̀kọ́ àfikún tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà fún èrè léèwọ̀ lórí àwọn iṣẹ́ pàtàkì, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Iye tí ó forúkọ sílẹ̀ fún gaokao ní ọdún 2024 jẹ́ mílíọ̀nù 13.42. Níbi tí èrò pọ̀ tó báyìí, kò yà ni lẹ́nu pé àyọkà alálàfo pàápàá ti di ohun tí àwọn kan ń kọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sí: wọn a máa wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àlàfo àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, wọn a sì fi àyọkà yòókù sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni gírámà àti àkàyé ṣe rí. Ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà fi hàn pé ìjọba lè fi òfin ya méjèèjì nípá láàrin ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá yí òfin náà padà, kíláàsì lè má yí padà. Olùkọ́ tí ó ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé 'Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yìí?' kí ó tó bi í pé 'Àsìkò wo ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí wà?' ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdàpọ̀, ohun yòówù tí ìdánwò ìbáà máa béèrè.

Ẹ̀kọ́ kejì kan èdè ìkọ́ni. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà tí ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Ṣáínà ni ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀ fi ń kọ́ ìṣirò, ìtàn àti sáyẹ́ǹsì. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ kò bá a lọ. Irú èrò yìí ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ní Ṣáínà, ọmọ tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì mú lómi le pàdánù máàkì. Ní ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìkọ́ni, gbogbo iṣẹ́ yòókù ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pàdánù.