Iginla, Balógun Calgary

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bí Jarome Iginla sí ní ìlú Edmonton ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1977, kì í ṣe ilé tí ènìyàn lè fi ojú kan wò: bàbá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó dé Kánádà ní ọmọ ọdún 18, tí ó sì fi Elvis rọ́pò Adékúnlé tí wọ́n ń pè é láti ilé wá, ìyá jẹ́ obìnrin òyìnbó láti Oregon ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n sì kó jọ fún ọmọ náà, Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla, gùn tó bẹ́ẹ̀ tí onírárà lè fi í mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kà á tán. Bàbá àti ìyá kò pẹ́ pínyà. Ọwọ́ ìyá àti àwọn òbí ìyá ni ọmọ náà dàgbà sí ní St. Albert, ìlú kékeré tí ó fara ti Edmonton, níbi tí omi ti ń dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí bàtà onírin sì jẹ́ nǹkan ìṣeré àwọn ọmọdé.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Iginla tó tẹ ilẹ̀ tí ó tutù jù nínú eré ìdárayá, yìnyín họ́kì, Willie O'Ree ti kọ́kọ́ da omi náà ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1958, nígbà tí ó wọ aṣọ Boston ní Montreal tí ó sì di ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú líìgì gíga họ́kì, tòun ti ojú ọ̀tún tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, àṣírí tí kò tú fún àwọn tí ó gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Grant Fuhr, aṣọ́lé Edmonton tí ó gba ife ẹ̀yẹ Stanley, ife líìgì náà, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì wu Iginla kékeré débi pé ẹnu ilé ni òun náà fi ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣọ́ kí ó tó bọ́ síwájú.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ ará iwájú jẹ́. Ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan ń kó sórí yìnyín: aṣọ́lé kan, ará ẹ̀yìn méjì àti ará iwájú mẹ́ta, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún níbi tí Iginla wà. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá kiri; eré náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣẹ́jú kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí àwọn tí ó wà nínú pápá tó jáde fún àwọn mìíràn. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe èèwọ̀ pátápátá níbẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún ni adájọ́ máa ń fi àwọn tí ó jà jókòó sí àhámọ́. Gordie Howe ti Detroit ló kọ́ ayé pé ẹnì kan ṣoṣo lè gbá a wọlé, kí ó fún ẹlòmíràn gbá, kí ó sì jà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Nínú àwọn tí ó jogún ọ̀nà yìí lọ́wọ́ rẹ̀, Iginla ni èmi yóò fi ṣáájú.

Ẹgbẹ́ Kamloops ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì bá wọn gba ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ ní 1994 àti 1995. Dallas mú un ní ipò kọkànlá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 1995, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Calgary láti gba Joe Nieuwendyk, gbajúmọ̀ tí òun àti Calgary kò gbọ́ra wọn yé lórí owó. Ọdún méje gbáko ni Calgary kò fi wọ ìdíje àṣekágbá; ọmọ náà sì ń gbó sí i nínú àìrọgbọ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi di sáà 2001 sí 2002, nígbà tí ó gbá 52 wọlé, tí kò sí ẹni tí ó ju ú lọ ní gbogbo líìgì. Nínú oṣù Kejì ọdún 2002 kan náà, ní Salt Lake City, ó gbá méjì wọlé Amẹ́ríkà nínú àṣekágbá tí Kánádà fi borí pẹ̀lú 5 sí 2, ó sì di ọkùnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni Vonetta Flowers ti Amẹ́ríkà ti gba ti àwọn obìnrin.

Ní 2003 wọ́n fi í jẹ balógun Calgary. Ọdún kejì ni ìlú náà kò gbàgbé. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà kún ṣẹ́gun Vancouver, ó ṣẹ́gun Detroit, ó ṣẹ́gun San Jose, ó sì kojú Tampa Bay fún ife ẹ̀yẹ Stanley. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, balógun náà bá Vincent Lecavalier, ààyò Tampa, wọ̀yá ìjà. Nínú ìkarùn-ún, nígbà tí àkókò àfikún ti ń mú ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn wúwo, akoto bọ́ lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò jáde lọ sinmi, ó ń sáré ní orí òfìfo títí ó fi gbá rọ́bà náà sí aṣọ́lé lára, tí ó ta padà, tí Oleg Saprykin sì sọ ọ́ sílé. Ó kù kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan péré. Wọn kò borí mọ́: Tampa gba ìkẹfà, wọ́n sì fi 2 sí 1 gba ìkeje. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Àwọn kan ń sọ pé balógun tí kò gba ife náà rí kò pé ní balógun. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀, ohun tí ó sì mú mi yapa ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì ní Vancouver ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2010. Amẹ́ríkà ti dá a padà sí 2 sí 2 nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 24. Ara gbogbo Kánádà ti tutù. Nínú àkókò àfikún, Iginla ń bá ará ẹ̀yìn Amẹ́ríkà jà fún rọ́bà náà létí ògiri, Sidney Crosby, ẹlẹgbẹ́ Iginla nínú ikọ̀ Kánádà, sì pariwo orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ láti ọ̀nà ẹnu ilé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: balógun yìí, ẹni ọdún 32, ń ṣubú lọ, iwájú ni ó wò, ó ti rọ́bà náà sí Crosby kí àyà rẹ̀ tó kan yìnyín, Crosby sì sọ ọ́ wọlé. Orúkọ Crosby ni gbogbo ayé mú lọ sílé, kò sì burú; ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ará iwájú mọ ibi tí àmì ayò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2013 ó fi Calgary sílẹ̀ láti wá ife náà kiri. Ó lọ sí Pittsburgh, Boston sì fọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá bọ́ sí Boston fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà Colorado, lẹ́yìn náà Los Angeles, kò rí i gbà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,554 ni ó gbá, 625 ni ó gbá wọlé, ó sì ní ọwọ́ nínú 675 mìíràn. Calgary kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ nọ́ńbà 12 rẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n sì yàn án sí Gbọ̀ngàn Olókìkí Họ́kì ní 2020, ọdún àkọ́kọ́ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní 2024, Utah mú ọmọ rẹ̀ Tij ní ipò kẹfà, márùn-ún ṣáájú ipò tí Dallas ti mú bàbá. Ará iwájú ni òun náà.